Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ilé Oyin Ka Iná

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ tí kò gbàgbé. Orí mi ti funfun báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ló ti sùn, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kòkòrò kan fò kọjá létí mi, ńṣe ni mo máa ń dìde fùú, tí àwọn ọmọ ọmọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀rín. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí ló ń sá fún ekòló, ejò kò sì tíì ṣán wọn.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, nílùú Ìsẹ́yìn. Kò tíì sí wàhálà tó da Ìsẹ́yìn àti Òkèhò rú lẹ́yìn náà, ìlú ṣì tòrò. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni ọkọ mi. Èmi, ọ̀dọ̀ ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan n'Ìbàdàn ni mo ti dàgbà. Mo mọ aṣọ rán, mo mọ orin ìsìn kọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì nínú agolo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n ya ewé gbúre sọ́tọ̀ lára ewé tẹ̀tẹ̀, àdúrà ló kù tí mo máa gbà. Ìyá ọkọ mi sì ti mọ èyí láti ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé wọn. Obìnrin gíga kan báyìí ni, wọ́n ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò sì tíì rí eyín wọn rí. Bí wọ́n bá tọ́ ọbẹ̀ mi wò, wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á wá bu omi mu. Wọn ì bá kúkú bú mi, ì bá sàn fún mi.

Àwọn ọkùnrin kan wà nílùú nígbà náà, àwọn akọ̀wé pẹ̀lú àwọn oníṣòwò díẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Afìmọ̀ṣọ̀rẹ́ ni wọ́n pè é. Lóṣooṣù, wọ́n á pàdé nílé ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ àsọyé fún wọn, wọ́n á jiyàn lé e lórí, wọ́n á sì jẹun. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni alága wọn. Kóòtù dúdú ló máa ń wọ̀ nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú bàtà tó ń dán bíi dígí àti ibọ̀sẹ̀ funfun, á sì máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé bí ènìyàn bá ṣe múra ni ìmọ̀ rẹ̀ ṣe tó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkọ mi lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà àtiwọ ẹgbẹ́ náà. Níkẹyìn wọ́n ní kó gbà wọ́n lálejò lẹ́ẹ̀kan ná, wọ́n á fi ìyẹn wo bóyá ó yẹ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ mi ń rìn káàkiri ilé bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ó bẹ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí, pé ọwọ́ mi ni orúkọ òun wà.

Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni bàbá kan tó ń gbé oko lẹ́bàá Òtu. Olùkọ́ni ìjọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, oyin ni wọ́n ń sìn. Ọ̀rọ̀ lórí oyin sísìn náà ni wọ́n fẹ́ bá ẹgbẹ́ sọ. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé, ilé ìjọ ni wọ́n sùn sí. Bàbá Olóyin ni mo máa pè wọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, ìyá ọkọ mi nàka sí ìkòkò amọ̀ ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n fi ewé àti amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, wọ́n tún fi aṣọ dì í lọ́rùn. Ìyá ní aláàárù kan ló gbé e wá láti ọ̀dọ̀ àlejò wa, ó ní kí á tọ́jú rẹ̀ dáadáa, pé ohun tí wọ́n máa lò lọ́sàn-án ni. Ohun tí Ìyá gbọ́ náà nìyẹn, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi náà nìyẹn. Wọ́n gba ìsọ̀ òwú wọn lọ ní tiwọn.

Mo wo ìkòkò náà. Mo gbé etí lé e. Mo gbọ́ pé ó ń hó nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọpọlọ mi ṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ lè bá mi káàánú rẹ̀. Mo ní ìyàwó Bàbá Olóyin ló se ọbẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní ọbẹ̀ tó ti Òtu wá tó ṣì ń hó títí di àárọ̀ yìí, obìnrin yẹn mọ ọbẹ̀ sè o. Àní mo tún ń jowú rẹ̀. Mo wá rò pé bí ọbẹ̀ náà bá fi lè tutù sí mi lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, Ìyá á ní mi ò tiẹ̀ lè mú ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn ti sè tán gbóná. Ààrò kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ń se ẹ̀gúsí lé. Mo kó ẹyin iná díẹ̀ síbẹ̀, mo sì gbé ìkòkò náà kà á. Mo ní kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ tẹ́ tábìlì. A kò ní tábìlì tó lè gba àwọn ẹgbẹ́ yẹn, nítorí náà ọkọ mi ti to pákó sórí àgbá lábẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì ti kó àga gbọọrọ ilé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá yá wa ní aṣọ òfì funfun tó balẹ̀ kanlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí àgbá. Nígbà tí mo parí, ojú mi rí ohun tó dára. Mo ní bí ìyáàfin òyìnbó tó tọ́ mi dàgbà bá rí èyí, á yìn mí.

Àwọn àlejò dé, wọ́n kún pálọ̀. Alága wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, Bàbá Ràfíù oníṣòwò obì tẹ̀ lé e, ọkùnrin sísanra kan tí kì í lè pa ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi fún wọn, mo sì pa dà sẹ́yìn. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí Bàbá Olóyin ń sọ. Ohùn wọn tutù, ó dùn ún gbọ́. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń fi ìda kun inú ìkòkò kí oyin lè wá ṣe ilé síbẹ̀. Mo dúró, mò ń gbádùn rẹ̀, mo gbé igbá omi lọ́wọ́.

Wọ́n wá ní, "Kí ẹ má baà sọ pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, mo ti gbé ilé kan wá, oyin inú rẹ̀ kún. Wọ́n wà ní ilé ìdáná tíṣà. Tí a bá sọ̀rọ̀ tán, a ó gbé ìkòkò náà wá."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń wá ìtumọ̀ mìíràn tí "ìkòkò" tún lè ní ní èdè Yorùbá. Kò sí. Mo wá sáré.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ òórùn ìda tó ń yọ́. Oyin ti ń kán láti ara ìkòkò náà sínú iná, ó ń pariwo ṣáà, ṣáà. Èyí tó ń kùn nínú rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọbẹ̀ mọ́. Mo fi ìró mi dì í mú, mo fà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí ààrò. Ibi tí mo ti ń gbé e sílẹ̀ ni amọ̀ ẹnu rẹ̀ ti là, kòkòrò oyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí ìgbà tí ilé ìwé bá jáde. Mo sá bọ́ síta. Nínú ilé ìdáná yẹn, pẹ̀lú wọn, ni iyán wà, ìrẹsì wà, adìẹ wà, ẹ̀gúsí wà.

Ìyá ọkọ mi ti ìsọ̀ dé lásìkò náà gan-an. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, mo sọ fún wọn pé ìkòkò àárọ̀ kì í ṣe ọbẹ̀, pé oyin ni, mo sì ti gbé e ka iná. Wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n jókòó sórí odó tó dojú délẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá Olóyin láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní ohun tó ń mú kí oyin kúrò níbi tó bá wà ni èéfín. Mo ní Ọlọ́run ló rán ọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, pé èéfín náà gbọ́dọ̀ kéré, kó sì tutù. Mo daṣọ borí, mo já wọ ilé ìdáná, mo na ọwọ́ sókè àjà, mo fa ewé gbígbẹ tó wà níbẹ̀, mo dà á sínú iná lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sá jáde. Ata gbígbẹ tí Ìyá sá sórí ewé náà bá a lọ.

Bí ẹ kò bá tíì fa èéfín ata símú rí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ fà á. Atẹ́gùn gbé e, ó gba fèrèsé wọ pálọ̀ tààrà. Mo gbọ́ tí ohùn Bàbá Olóyin dá dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ikọ́ ẹyọ kan dún, òmíràn dáhùn, kò pẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ń wúkọ́ bí àgùntàn inú òjò. Ọkọ mi jáde wá, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó bi mí kí ni mò ń sun. Mo sọ ọ́ fún un láìfi bò. Ó fọwọ́ ti ògiri. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé oúnjẹ ńkọ́.

Kí n tó dáhùn, oyin jáde. Wọ́n tú láti ẹnu ọ̀nà bí okùn dúdú, wọ́n yí ká lókè orúlé, ariwo wọn gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. A dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀, a bo ojú. Nígbà tí a gbé orí sókè, afẹ́fẹ́ ti mọ́. Kò sí oyin kankan. Mo yọjú wo ilé ìdáná, òfìfo ìkòkò ló kù pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó kú sínú eérú. Gbogbo oúnjẹ wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ọkọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹun ná, lẹ́yìn oúnjẹ òun á fẹ̀sọ̀ sọ fún Bàbá Olóyin, òun á sì bẹ̀ wọ́n. Ó nu ojú, ó wọlé pa dà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé oyin ti lọ. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n lọ.

Nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ ti di iyàn. Bàbá Olóyin sọ pé ọba oyin kì í ṣe ọkùnrin, obìnrin ni, àti pé àwọn akọ inú ilé náà kì í ṣiṣẹ́ kankan. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu. Alága ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba ìlú jẹ́. Bàbá Ràfíù ní òun gbà á gbọ́, nítorí bí ilé òun náà ṣe rí nìyẹn. Bí ebi kò bá pa wọ́n ni, wọn ì bá ṣì wà níbẹ̀ títí di àkókò yìí.

Wọ́n jáde wá síbi tábìlì, wọ́n jókòó, wọ́n kún àga méjèèjì fọ́fọ́, orúnkún wọn wà lábẹ́ aṣọ òfì. Alága wà ní àárín, Bàbá Olóyin kọjú sí i. Mo gbé ẹ̀gúsí wá. Alága dìde díẹ̀, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà oúnjẹ. Bó ṣe ń gbàdúrà ni nǹkan kan ń kùn tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, bíi ti àwọn àgbààgbà inú akọrin. Alága rò pé ẹ̀mí ti bà lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Orí rẹ̀ wú. Ó gun àdúrà náà síwájú, ó dárúkọ àwọn ọba, ó dárúkọ àwọn aláìsàn, ó dé orí àwọn arìnrìn-àjò lórí òkun, ohùn yẹn sì ń bá a lọ.

Èmi tí mo la ojú ni mo rí i pé aṣọ tábìlì ń gbọ̀n, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Kòkòrò kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ó rìn lọ sórí ọwọ́ aṣọ Bàbá Ràfíù, ó tún pa dà sábẹ́. Mo gbé àwo lọ́wọ́, mi ò lè gbé e sílẹ̀, mi ò lè gbé e lọ.

Bàbá Olóyin la ojú. Wọ́n tẹ́tí. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín, wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ má mira. Ẹ má dìde. Oyin wà lábẹ́ tábìlì yìí. Bí a kò bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò ní yọ wá lẹ́nu."

Alága wà ní ìdajì ìdúró, ìdajì ìjókòó, kò mọ èyí tó máa parí. Ó rọra sọ ìdí kalẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti iwájú orí rẹ̀.

Bàbá Olóyin ṣàlàyé fún wọn pé oyin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé máa ń so rọ̀ síbì kan fún ìgbà díẹ̀, kò sì níjà nínú. Lẹ́yìn náà, ìyàlẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú Bàbá Olóyin fúnra wọn. Wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n ní ṣé ìkòkò àwọn ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Ọkọ mi wò mí. Gbogbo tábìlì wò mí, ojú nìkan ni wọ́n fi yí, wọn kò yí ọrùn.

Mo ní, "Bàbá, mo gbé e ka iná."

"Ka iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo fẹ́ sè níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Mo rò pé ọbẹ̀ ni, sà."

Bàbá Ràfíù gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà pa á. Bàbá Olóyin kò bínú, wọ́n kàn di ojú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n bu omi tútù sí ìkòkò náà lẹ́yìn, kí n gbé e wá, nítorí òórùn ìda inú rẹ̀ ṣì máa pe oyin wọlé. Ẹnì kan ní láti gbé e sí abẹ́ wọn gẹ́lẹ́, kí alága wá gbá pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n lè jábọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tó jókòó kò lè dìde, nítorí bí ẹnì kan bá dìde lórí àga gbọọrọ, gbogbo wọn ló máa mì. Èmi àti Ìyá nìkan ló wà nídùúró. Ìyá ti dàgbà kọjá ẹni tó ń rá wọ abẹ́ tábìlì.

Mo rọra gbé àwo ẹ̀gúsí sórí tábìlì, mo lọ gbé ìkòkò náà wá, mo ká aṣọ òfì sókè ní ìparí tábìlì, mo rá wọlé.

Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó móoru, ó sì ń kùn. Wọ́n so rọ̀ sára pákó bí ọmú màlúù, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n ń rìn lórí ara wọn, wọ́n sì wà láàárín orúnkún alága gan-an. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyẹn to lọ́tùn-ún lósì. Mo rọra ti ìkòkò náà síwájú títí ó fi dé abẹ́ oyin. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sí ẹsẹ̀ alága.

Bàtà ti fún un lẹ́sẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti yọ ọ́ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibọ̀sẹ̀ funfun tí gbogbo ìlú ń kan sáárá sí yẹn, ó parí sí ọrùn ẹsẹ̀. Kò ní ìsàlẹ̀ rárá. Mo wò ó dáadáa, mo rí ibi tí wọ́n ti rán bọ́tìnnì rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀wù ògbólógbòó ni. Alága gé ọwọ́ ẹ̀wù, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wá ń fi bàtà bo ìyókù. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń wò mí níhòòhò.

Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ki ìró sẹ́nu. Ẹ̀rín náà wá gba imú jáde, ó bú jáde fùrú, mo sì fẹ́ gbogbo èémí mi lu àwọn oyin yẹn lójú. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé Bàbá Olóyin ti sọ ọ́ nínú pálọ̀ pé kò sí ohun tí oyin kórìíra tó èémí ẹnu ènìyàn. Àsìkò tí mò ń sun ata ni wọ́n sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, etí ni mo fi gbọ́ ọ. Alága kígbe, orúnkún rẹ̀ gbá pákó, àga gbọọrọ dojú dé, pákó tẹ̀ lé e, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì dà sí mi lórí. Aṣọ òfì wó bò mí, ó wé mọ́ mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dìde nínú rẹ̀, mi ò ríran, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde sí ìta gbangba níbi tí àwọn ahunṣọ ta òwú wọn gbọọrọ sílẹ̀ lọ títí dé ìdí ilé kejì. Mo já òwú ẹni àkọ́kọ́, mo já ti ìkejì, ti ìkẹta ló wá gbé mi ṣubú. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọn ò dúró béèrè ohun funfun tó ń sá bọ̀ tí oyin ń tẹ̀ lé tó sì ń rùn bí ẹ̀gúsí. Ìyá ọkọ mi ló tú mi sílẹ̀. Aṣọ òfì nípọn, oyin díẹ̀ ló rí mi ta. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ta lójú, létí, lọ́rùn. Oyin fò lọ sí ọ̀nà ìlú Adó, níbi tí òkè gíga wà, a ò rí wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn, alága àti Bàbá Ràfíù wá sílé wa. Ọ̀kan nínú ojú alága ti dí pátápátá, ètè rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó fẹ́ fun fèrè. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága ní ẹ̀sùn méjì ni ẹgbẹ́ fi kàn wá: a gbé ilé oyin àlejò ka iná, a sì fi ẹgbẹ́ ṣẹ̀rín níbi tí ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Ó ní bó ṣe rí yìí, ọkọ mi kò lè wọ ẹgbẹ́.

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ran òwú. Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó gbé e ka iná. Ọmọ tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. Ẹni tó bá fẹ́ jà, èmi ni kó bá jà."

Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mo fẹ́ dìde. Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, mo mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún obìnrin àgbà yẹn lójú pé irọ́ ni? Alága gbé e mì.

Ó ku ti ẹ̀rín. Bàbá Ràfíù, tí kì í lè pa nǹkan mọ́ra, na ọrùn sí mi, ó ní, "Ìyàwó, àní kí lo tiẹ̀ rí lábẹ́ ibẹ̀ tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo gbé ojú sókè, ojú mi sì pàdé ojú ẹyọ kan tó kù fún alága. Mi ò tíì rí ojú tó bẹ̀bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà dídán ń fà sẹ́yìn sábẹ́ àga díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí jù, ẹ̀rín ni mo máa ń rín."

Alága mí kanlẹ̀. Ó dìde wéré, ó ní òun gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ìyàwó báyìí kò lè burú, àti pé ẹgbẹ́ ń retí ọkọ mi ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ó ti dé ìta kí Bàbá Ràfíù tó rí fìlà rẹ̀ mú.

Nígbà tí ọkọ mi sìn wọ́n lọ, Ìyá gbé òwú sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ní ó ku ẹnì kan tí mo máa sọ òtítọ́ fún. Mo sọ fún wọn nípa ọwọ́ ẹ̀wù, mo sọ nípa bọ́tìnnì, mo sọ nípa àtàǹpàkò méjèèjì. Ìyá kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n fi ìdì òwú bo ẹnu, kò dúró, wọ́n fi gèlè bò ó, kò dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, ara mi sì ń dùn mí gbogbo ibi tí oyin ti ta mí. Láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè.

Bàbá Olóyin gbé ìkòkò wọn pa dà lófìfo. Àwọn nìkan ni kò sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí wa, mo sì máa ń ronú nípa wọn títí di òní.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò kó tó gbé e ka iná, àti pé ohun tí a bá rí lábẹ́ tábìlì, kí á fi í sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo di èyí kejì yẹn mú gbogbo ọjọ́ ayé alága. Ó ti sùn báyìí, mo sì ti wá sọ ọ́ fún yín tán. Bí ẹ bá pàdé àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo ẹsẹ̀ wọn. Háà, èmi yìí náà.